Mò Ń Sin Ohun Tí Mi Ò Rí: Bí A Ṣe Ń Fi Bakitéríà Gbòǹgbò Gbin Ẹ̀wà Sóyà

Wàrà sóyà ni mò ń dín tà ní Ìlọrin, ó sì ti lé ní ọdún mọ́kànlá báyìí. Ẹni tó bá wà nídìí òwò yìí mọ̀ pé sóyà ni gbogbo ọ̀rọ̀. Epo lè wọ́n, igi ìdáná lè wọ́n, a ó máa yí i mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí mùdù sóyà bá ti gbówó lórí, wàrà á kéré, oníbàárà á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á wò ó, á wo ojú mi, á ní, "Àlhájà, ṣé èyí náà la ó fi mu gààrí?" Ìyẹn ló lé mi dé oko. Mo gba ilẹ̀ éékà méjì lọ́wọ́ baba kan lẹ́yìn Ìdọ̀fìán, mo ní kí n máa gbin tèmi.

Ọdún kìíní, sóyà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó hù dáadáa, àmọ́ nígbà tó pé bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń bá jà. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà ní yúríà ló ń fẹ́. Mo ra àpò méjì, mo wọ́n ọn. Háà, ewé gba ọ̀rọ̀! Ó dúdú minijọ, ó ga, ó bo ilẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá lọ á kí mi kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tanná tán ni ọmọ àbúrò bàbá mi kan, tó kàwé nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, wá wò mí lóko. Èmi ń fi ewé yangàn fún un. Kò tilẹ̀ wo ewé. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ àgbàro, ó hú ìdí sóyà kan, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó na gbòǹgbò rẹ̀ sí mi. Gbòǹgbò náà ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn òṣìṣẹ́ yín kò wá síbi iṣẹ́ lọ́dún yìí."

Ohun tí mo kó ní oko náà kò san owó yúríà, ká má tilẹ̀ sọ owó àgbàro.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yẹn ni kí n kọ́kọ́ là yé yín, torí ẹni tí kò bá mọ irú ohun tó ń sìn á pa á láìmọ̀, bí mo ṣe pa tèmi lọ́dún kejì.

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí, bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 100, ìpín 78 nínú rẹ̀ ni náítírójìn, ohun kan náà tí à ń torí rẹ̀ ra yúríà. Ó yí irúgbìn ká lọ́tùn-ún lósì, irúgbìn kò sì rí i jẹ. Ó dà bí ọmọ tó jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ ti tì pa. Bakitéríà kan wà nínú ilẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà. Èyí tó jẹ́ ti sóyà ni wọ́n ń pè ní Bradyrhizobium. Kòkòrò àìfojúrí ni; ẹgbàágbèje rẹ̀ lè wà lórí èékánná yín kí ẹ má mọ̀.

Gbòǹgbò sóyà ló máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ó ń tú èròjà kan sínú ilẹ̀, bakitéríà tó bá gbọ́ èdè náà á fi èròjà tirẹ̀ dáhùn. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá wọ̀, irun gbòǹgbò á ká kò bí ìka tó ń peni, á ká bakitéríà mọ́ inú, àwọn yẹn á gba inú irun náà wọlé lọ, gbòǹgbò á sì wú kókó tí wọn ó máa gbé. Láti ọjọ́ náà lọ, sóyà ń bọ́ wọn pẹ̀lú ṣúgà tí ewé rẹ̀ fi oòrùn sè, àwọn náà ń fi náítírójìn san owó ilé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni àwọ̀ inú kókó yẹn. Ẹ fi èékánná là á, ẹ ó rí i tó pupa bí ẹran tútù. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ìbátan ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ tiwa pupa ni. Leghaemoglobin lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wọn ọ́síjìn fún àwọn bakitéríà náà níwọ̀n-níwọ̀n, torí bí ọ́síjìn bá pọ̀ jù, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mú náítírójìn á bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò lè ṣe kí wọ́n má mí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwọ̀ náà, mo jókòó sórí ebè, mo ní Sùbúhánàlláhì.

Ọkùnrin ará Netherlands kan, Martinus Beijerinck, ló kọ́kọ́ yọ bakitéríà yìí jáde nínú kókó gbòǹgbò ní 1888. Bàbá mi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí tó fi kú. Síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣá lẹ́yìn iṣu àti àgbàdo, ẹ̀pà ló máa ń gbìn síbẹ̀. Ó ní ẹ̀pà ń tu ilẹ̀ nínú. Ẹ̀pà, ẹ̀wà, ẹ̀pà róró, òtílí, gbogbo ìwọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ wọn ti ń bẹ nínú ilẹ̀ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ ṣáà gbìn wọ́n, wọn á rí ara wọn. Sóyà yàtọ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti ṣẹ̀ wá, ọdún 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ mú un wọ Nàìjíríà, ó sì dà bí ìyàwó tí wọ́n gbé wá sí ọ̀nà jíjìn láìsí ará ilé rẹ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, rí ìṣòro yìí, wọ́n bí irú sóyà tí orúkọ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGx, èyí tó gbà láti bá àwọn bakitéríà ilẹ̀ wa gbé. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni àwọn onílé náà ti pọ̀ tó, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ọwọ́ wọn yá sí iṣẹ́ sóyà. Ilẹ̀ tí a kò bá gbin sóyà sí rí, bí èyí tí mo gbà, ibẹ̀ gan-an ni kíkó òṣìṣẹ́ wá ti ń sanwó jù.

(Kí n tó gbàgbé: igi irú, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà pátápátá, kì í ní kókó yìí o. Mo hú ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ilé wò, òfo. Èmi tí mo rò pé ohunkóhun tó bá ti ń so bí ẹ̀wà ló ní in.)

Rírà rẹ̀ àti gbígbé e délé

Inú ọ̀rá ni wọ́n ń tà á sí. Ìyẹ̀fun dúdú ni, ó lẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, ó rí bí ilẹ̀ àkùrọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná. IITA ti ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ NoduMax. Àwọn kan ń pè é ní oògùn sóyà, àwọn mìíràn ń pè é ní ajílẹ̀ dúdú. Kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe ajílẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Ẹ máa fi ojú ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan wò ó: ohun tó bá lè pa ọmọ adìyẹ nínú páálí lójú ọ̀nà lè pa á.

Mi ò mọ ìyẹn lọ́dún kejì. Mo rán ènìyàn rà á wá láti Ìbàdàn, awakọ̀ gbé e sí iwájú mọ́tò lábẹ́ gíláàsì, oòrùn ọ̀sán sì ń ta á láti Ìbàdàn títí tó fi kọjá Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, èmi náà gbé e sí pẹpẹ ilé ìdáná, ibi tí mo ti ń dín wàrà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo fi gbin gbogbo oko, mo ń retí. Nígbà tí a hú u wò, kókó mẹ́ta, kókó mẹ́rin, bí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ dá ẹni tó ta á fún mi lẹ́bi, àbúrò mi ní kí n dákẹ́, ó ní èmi ni mo sè wọ́n jinná.

Nítorí náà, ẹ wò ó pé sóyà ni wọ́n kọ sára ọ̀rá, torí ti ẹ̀wà kò ní ṣe é. Ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n gbé e sí nínú ìsọ̀. Mo dé ìsọ̀ kan rí tí wọ́n tò ó síta pẹ̀lú oògùn apakoríko, oòrùn ń pa wọ́n pọ̀. Mo kí wọn kú ọjà, mo kọjá. Kúlà tí ọmọ mi máa ń gbé lọ síbi ìnáwó ni mo fi ń gbé tèmi báyìí, pẹ̀lú omi ọ̀rá tútù méjì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nílé, inú fíríìjì ló ń wà, lápá ìsàlẹ̀ níbi ẹ̀fọ́. Ẹ má gbé e sí apá tó ń di yìnyín. Bí iná kò bá sí, bí ó ṣe máa ń rí, ìdí àmù ni mo ń gbé e sí, nínú ìkòkò amọ̀ tí mo dé, nínú yàrá tí oòrùn kì í dé. Mi ò kì í rà á ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ gbìn.

Irúgbìn

TGx 1448-2E ni mò ń gbìn, ó máa ń lò tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin kó tó gbó. Sóyà kì í pẹ́ kú nínú àpò, èyí tó ti rí ooru ọdún méjì lè má hù mọ́, nítorí náà ẹ ka 100 jáde, ẹ wé e sínú aṣọ tútù, ẹ máa wọ́n omi sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ẹ ka iye tó hù. Bí ó bá ti tó 80, ẹ gbìn ín. Bí ó bá kéré sí i, mo máa ń fi tèmi ṣe wàrà, kí n wá òmíràn.

Ìdí tí mo fi sọ̀rọ̀ wàrà nìyí: irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pupa kùn nínú ìsọ̀, ẹ má fi se nǹkan kan láéláé, májèlé ni. Irúgbìn bẹ́ẹ̀ náà kò dára fún bakitéríà, torí oògùn tó ń pa ohun tó ń mú irúgbìn jẹrà kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Èyí tí kò ní oògùn rárá ni mo ń rà.

Bí éékà ṣe ń gba kílò 20 sí 25, ẹ wọn ún lórí òṣùwọ̀n. Mùdù ọjà kò dọ́gba, àwa tí à ń tajà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Pípò ó

Ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mu omi dáadáa ni kí ẹ tó tú ọ̀rá. Lọ́dọ̀ wa níbí, láti ìparí oṣù kẹfà wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni mo ń gbìn, kí gbígbó rẹ̀ lè bọ́ sí ìgbà tí òjò ti ń lọ. Bí ẹ bá gbìn ín sí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú ìrètí pé òjò ń bọ̀, òjò lè má bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, irúgbìn lè fara dà á, bakitéríà kò ní fara dà á.

Mo máa ń dé oko kí oòrùn tó yọ. Igi kaṣú kan wà ní igun ilẹ̀ náà, abẹ́ rẹ̀ ni mo ń tẹ́ tapólì sí. Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀rá rárá, mo máa ń gbin ìlà mẹ́rin pẹ̀lú irúgbìn lásán tí mi ò po nǹkan kan mọ́, màá ri igi mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Ìlà mẹ́rin yẹn ni yóò sọ fún yín nígbà tó bá yá bóyá owó yín bọ́ síbi tó yẹ. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn, torí bí ọwọ́ yín bá ti dúdú, ohun gbogbo tí ẹ bá fọwọ́ kàn ti gba bakitéríà nìyẹn.

Ọ̀rá tèmi jẹ́ gíráàmù 100, kílò 10 ni mo ń fi po. Ohun tí wọ́n bá kọ sára tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Mo máa ń da kílò 10 sínú báàfù oníke tó fẹ̀ nínú. Lẹ́yìn náà ni mo ń po ohun tí yóò mú ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ irúgbìn. Bí gọ́ọ̀mù bá wà nínú páálí, òun ni. Bí kò bá sí, ẹ po ṣúgà ṣíbí ńlá méjì mọ́ omi bíi mílílítà 200, kò tó ìdajì omi ọ̀rá kan. Gọ́ọ̀mù kì í tètè yọ́, nítorí náà omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo ń fi po ó ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ gbìn, yóò ti tutù kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi kànga tàbí omi òjò ni kí ẹ lò. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti da kẹ́míkà sí fún pípa kòkòrò yóò pa tiyín náà.

Ẹ da omi gọ́ọ̀mù sí irúgbìn díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹni tó ti ṣe wàrà rí mọ ọwọ́ tí mò ń sọ. Nígbà tí a bá ń da omi kíkan sí wàrà kó lè dì, a kì í rò ó bí àmàlà. Ńṣe là ń gbé e rọra. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Èèpo ara sóyà fẹ́lẹ́, bí ẹ bá fi agbára yí i, yóò là sí méjì, èyí tó bá ti là kò ní hù. Gbogbo irúgbìn gbọ́dọ̀ máa dán, kí omi má sì ṣẹ́ kù sí ìdí báàfù. Bí omi bá ṣẹ́ kù, ẹ ti da jù. Ẹ fi irúgbìn gbígbẹ díẹ̀ kún un.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tú ọ̀rá. Ẹ wọ́n ìyẹ̀fun náà lé e lórí bí ìgbà tí a ń wọ́n ata gígún, ẹ yí i, ẹ tún wọ́n, ẹ tún yí i. Nígbà tó bá jinná, sóyà kò ní funfun mọ́. Gbogbo rẹ̀ á dúdú bí ẹni tó ti èédú jáde. Bí ẹ bá rí èyí tó ṣì funfun, ẹ yí i sí i. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ ẹ sórí tapólì lábẹ́ ibòji, nǹkan bí ìṣẹ́jú ogún, kí ó lè gbẹ tí kò fi ní máa lẹ̀ mọ́ra. Ẹ má gbé e sí oòrùn kí ó lè yá. Àgbàro kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́dún kẹta nígbà tí mo lọ kírun, ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo ní kí ó gbé e padà, mo po òmíràn. Ó dùn mí, àmọ́ mo ti san owó ẹ̀kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí ẹ bá lè gbìn lọ́jọ́ náà ni kí ẹ pò. Èmi máa ń po kílò 10, a ó gbìn ín tán, kí n tó po kílò 10 mìíràn. Igbá tí a fi ń gbé e lọ sórí ìlà máa ń ní aṣọ lórí. Ẹni kan ń la ìlà, ẹni kan ń ju irúgbìn, ẹni kẹta ń bò ó lójú ẹsẹ̀; jíjìn rẹ̀ kò ju oríkèé ìka méjì lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n la gbogbo ìlà tán, kí wọ́n ju irúgbìn tán, kí wọ́n tó padà wá bò ó. Àwọn àgbàro fẹ́ràn àtiṣe bẹ́ẹ̀ torí ó yá, oòrùn sì ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó padà dé.

Bí ó bá ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì, ẹ tún un pò pẹ̀lú ìyẹ̀fun tuntun.

Ajílẹ̀ wo ni?

Ẹ gbàgbé yúríà. Sóyà kì í ṣe òmùgọ̀. Bí náítírójìn bá ti wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní gba ayálégbé kankan sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún kìíní nìyẹn: díẹ̀ tó yẹ kí ó ní, yúríà lé e. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yìí ń béèrè ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ń gba agbára púpọ̀. SSP, ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, ni mò ń lò, àpò kan sí éékà kan, mo máa ń fọ́n ọn sí ilẹ̀ kí a tó kọ ebè. Ẹ má jẹ́ kí ó bá irúgbìn tí a ti pò wà nínú igbá kan náà, ó kan, yóò pa wọ́n. Ilẹ̀ tó bá kan jù náà kì í jẹ́ kí wọ́n gbèrú. Ẹ lè mú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Yunifásítì kan, Ìlọrin ní, Ọmù-Àrán ní.

Híhú u wò

Nígbà tó bá pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ ó ti máa rí kókó wínníwínní. Àmọ́ ìgbà tó bá ń tanná ni ìdánwò gidi, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje. Ẹ lọ lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ á ti rọ̀. Ẹ má fà á tu. Bí ẹ bá fà á, kókó á já sílẹ̀, ẹ ó sì máa sọ pé kò ní. Ẹ fi ọkọ́ wà á yíká, bí ẹni ń wa iṣu tuntun, ẹ gbé e sókè tòun ti iyẹ̀pẹ̀, ẹ rì í sínú garawa omi kí iyẹ̀pẹ̀ fúnra rẹ̀ máa yọ.

Ibi tí kókó wà ṣe pàtàkì. Èyí tó bá bakitéríà tí ẹ pò mọ́ irúgbìn wá máa ń rọ̀ mọ́ orí gbòǹgbò, nítòsí ibi tí irúgbìn ti là. Ẹ ká díẹ̀ nínú wọn, ẹ là wọ́n. Bí inú rẹ̀ bá pupa tàbí tó rí bí àwọ̀ èèpo àlùbọ́sà, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá funfun, ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ṣì funfun nígbà yẹn, ayálégbé tí kì í sanwó ni. Èyí tí inú rẹ̀ bá dúdú tàbí tó rí bí ewé rírà ti gbó.

Ẹ ṣọ́ra, aràn kan wà nínú ilẹ̀ tó ń mú gbòǹgbò wú, ẹni tí kò bá mọ̀ á máa yọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kókó bakitéríà lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, ẹ fi ìka ta á, á já bọ́. Ti aràn, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, kò ṣeé já, bí ẹ bá sì là á, kò sí àwọ̀ pupa kankan nínú rẹ̀.

Lọ́dún kẹta, mo hú ìdí márùn-ún nínú èyí tí mo pò àti márùn-ún nínú ìlà mẹ́rin tí mi ò pò. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo pò ní kókó 31, pupa foo. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti ìkejì ní 6. Kódà mi ò bá má hú wọn, torí láti ẹnu ọ̀nà oko lẹ ti máa rí ìlà mẹ́rin náà bó ṣe pọ́n láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tí kò jẹun.

Bí ẹ bá hú u tí ẹ kò bá nǹkan kan, ẹ má sá lọ ra yúríà lọ́jọ́ náà. Ẹ ronú padà sẹ́yìn: ibo ni ọ̀rá sùn? Ṣé oòrùn rí i? Ṣé irúgbìn ní oògùn lára? Ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Gígé rẹ̀

Nígbà tí ewé bá ti wọ́ tán tí èso sì gbẹ, ẹ gé e ní ìdí, ẹ má fà á tu. Gbòǹgbò yẹn àti kókó ara rẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ jẹ. Àwọn ará ibi wa fẹ́ràn fífà á torí dòjé ń rẹni lọ́wọ́, wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, wọ́n á lù ú, wọ́n á sun èyí tó kù. Èmi máa ń da pòpórò padà sórí ilẹ̀. Ẹ sì má jẹ́ kí ó pẹ́ jù kí ẹ tó gé e, torí irú sóyà mìíràn máa ń là fúnra rẹ̀, yóò fọ́n èso sílẹ̀ fún ẹyẹ àdàbà.

Àgbàdo ni mò ń gbìn tẹ̀ lé e. Àgbàdo náà ṣì ń gba ajílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kò ní gbà mọ́, àmọ́ ohun tí mò ń rà ti dín kù. Ọdún kejì rẹ̀ ni sóyà tún ń padà síbẹ̀. Àbúrò mi ní díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣì lè wà láàyè nínú ilẹ̀, pé mo lè fi owó ọ̀rá pamọ́. Mo ní owó ọ̀rá kò tó owó wàrà tí mò ń tà ní òwúrọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí n máa pò ó.

Baba onílẹ̀, tó ń fi mí rẹ́rìn-ín lọ́dún kejì pé obìnrin ìlú ń fi èédú kun irúgbìn, wá bá mi lẹ́yìn ìkórè tó kọjá. Ó wo àpò tí a tò sábẹ́ igi kaṣú, ó ká wọn, ó tún wọn kà. Ó wá ní bí mo bá ń rán ènìyàn lọ sí Ìbàdàn lọ́dún tó ń bọ̀, kí n bá òun ra ọ̀rá mẹ́rin. Mo ní kò burú, bàbá, àmọ́ kí wọ́n ti máa wá kúlà.